Iṣẹ́ Apoògùn Nínú Ilé Ìwòsàn Àwọn Jagunjagun Àtijọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹni tí ó bá ti ogun bọ̀ a máa gbé apá kan ogun náà wálé nínú ara rẹ̀: ọta ìbọn tí kò ṣeé yọ, ẹsẹ̀ tí a gé, etí tí ìró àgbá ti di, oorun tí kì í kún ojú. Nítorí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún wọn lọ́tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ pọ̀: àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tí ń ya àwòrán egungun, àwọn tí ń tún arọ kọ́ ní ìrìn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà láàrin wọn tí àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé orúkọ tí ó ń jẹ́ mú kí ènìyàn rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Apoògùn ni.

Nígbà tí a bá dárúkọ apoògùn, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn fèrèsé kékeré, tí ó ń ka oògùn oníhóró sínú bébà, tí ó sì ń wí pé, "Ọ̀kan ní òwúrọ̀, ọ̀kan ní alẹ́." Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn àwọn jagunjagun pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ti jáde kúrò lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn ni ó ń dúró sí. Òun ni a ń bi léèrè bí oògùn kan bá yẹ ara tí a fẹ́ fi í sí, bí ó bá pọ̀ jù, bí ó bá kéré jù, tàbí bí yóò bá òmíràn jà nínú ikùn ọkùnrin kan náà.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ bí ilé ìwòsàn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1865, nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń lọ sí òpin, Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin pé kí a kọ́ ilé fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti di aláàbọ̀ ara. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí a fi pa á. Ní 1866 ni a ṣí èkínní nínú àwọn ilé náà ní Togus, ní ìpínlẹ̀ Maine. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní, iṣẹ́ náà di ńlá, ní 1930 sì ni a kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo, èyí tí ó di ẹ̀ka ìjọba tí mínísítà ń ṣe olórí rẹ̀ ní 1989. Lónìí, ilé ìwòsàn ńláńlá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ tó 170, àwọn jagunjagun tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ̀ sì lé ní 9 mílíọ̀nù.

Ọ̀kan nínú wọn wà tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn dúdú gbogbo mọ̀. Ní 1923 ni a ṣí ilé ìwòsàn kan ní Tuskegee, ní Alabama, fún àwọn ọmọ ogun dúdú tí àwọn ilé ìwòsàn mìíràn ní gúúsù kò fẹ́ gbà, tàbí tí wọ́n ń tì sí igun kan. Ìjọba kọ́kọ́ fẹ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ṣe dókítà àti olórí níbẹ̀. Àwọn ènìyàn dúdú kọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba ìlú náà kọjá láti dẹ́rù bà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò ṣiṣẹ́, nítorí pé ní 1924 Dókítà Joseph Ward, ọmọ ènìyàn dúdú, ni ó jókòó sórí àga olórí ilé ìwòsàn náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ apoògùn yìí a máa pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́fà kí ó tó gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ oògùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún fi ọdún kan, tàbí méjì, kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà nínú wọ́ọ̀dù. Láti 1946, nígbà tí Ọ̀gágun Omar Bradley ń ṣe olórí àjọ náà, ni a ti so àwọn ilé ìwòsàn jagunjagun pọ̀ mọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Oyè dókítà tí apoògùn ní kò sọ ọ́ di oníṣègùn tí ń la ara. Oògùn ni ó fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ kọ́.

Ní òwúrọ̀, òun àti àwọn dókítà a jùmọ̀ rìn láti ibùsùn dé ibùsùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ka ìwé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ohun tí ó sì kọ́kọ́ ń wò ni bí kíndìnrín ti ń ṣiṣẹ́ sí. Ìdí rẹ̀ nìyí. Oògùn tí ènìyàn gbé mì kì í dúró sínú ara títí láé: ẹ̀dọ̀ a máa fọ́ òmíràn túútúú, kíndìnrín a sì máa sẹ́ òmíràn sínú ìtọ̀. Bí ènìyàn ti ń dàgbà ni kíndìnrín rẹ̀ ń rẹ̀. Bí a bá fún arúgbó ní ìwọ̀n tí a ń fún ọ̀dọ́mọkùnrin, oògùn àná kò ní tíì jáde tán kí ti òní tó wọlé, a sì kún bí omi tí ń kún nínú kòtò tí ewé ti dí ẹnu rẹ̀. Oògùn kan wà tí a ń pè ní gentamicin, tí ó lágbára láti pa kòkòrò àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ara, a máa ba kíndìnrín jẹ́, a sì máa di etí. Kí ni yóò jẹ́ èrè fún ọkùnrin tí àgbá ti gba ìdajì etí rẹ̀, bí ilé ìwòsàn bá gba ìdajì tí ó kù? Nítorí náà ni apoògùn ṣe ń ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí tí òun dá, kí a wọn iye oògùn tí ó wà nínú rẹ̀, kí òun sì ṣírò ìgbà tí ó yẹ kí a tún fún un.

Iṣẹ́ ọ̀sán ni ti àwọn tí kò sùn sí wọ́ọ̀dù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 75, tí ó jagun ní Vietnam ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, eékún ń dùn ún, ọkàn rẹ̀ kì í sì lù déédéé mọ́. Àwọn àgbẹ̀ yóò fẹ́ gbọ́ èyí: láàrin 1962 àti 1971, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń fi ọkọ̀ òfuurufú da oògùn apewé sórí igbó Vietnam kí ewé lè rẹ̀ dànù, kí ọ̀tá má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Agent Orange ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó pa ewé kò dá ènìyàn sí. Ní 2001 ìjọba gbà pé àtọ̀gbẹ wà lára àwọn àrùn tí a lè kà sí i lọ́rùn, ní 2022 a sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Ọdún 2022 yìí lé ní 50 ọdún sí ìgbà tí a da oògùn náà.

Apoògùn yóò ti sọ fún bàbá yìí pé kí ó kó gbogbo ohun tí ó ń lò wá nínú àpò kan, kí ó má fi ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá náà yóò da àpò náà sórí tábìlì. Oògùn tí ilé ìwòsàn fún un wà níbẹ̀. Èyí tí dókítà mìíràn nínú ìlú fún un wà níbẹ̀. Èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń lò, tí ó tọ́ wò, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó rà fún ìrora eékún, àti ewé gbígbẹ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìn fún un. Apoògùn a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò méjì a ní orúkọ ọ̀tọ̀tọ̀ lára, Advil lára ọ̀kan, Motrin lára èkejì, ṣùgbọ́n oògùn kan náà ni, ibuprofen, a sì rí i pé ìlọ́po méjì ni bàbá ti ń lò láìmọ̀. Oògùn yìí gan-an a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, a sì máa pọ́n kíndìnrín lójú. Ìyẹn nìkan kọ́. Amlodipine tí a fún un nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí kókósẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹlòmíràn rí ẹsẹ̀ wíwú, kò béèrè ohun tí ó fà á, ó sì kọ oògùn atọ̀ fún un. Oògùn atọ̀ sì ń jí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóru, òòyì a sì máa kọ́ ọ bí ó ti ń dìde. Oògùn kan bí èkejì, èkejì bí ẹ̀kẹta. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá ṣubú lóru tí egungun ìtan rẹ̀ sì dá, àrùn wo ni a ó sọ pé ó ṣe é?

Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, oògùn tí apoògùn yìí yọ kúrò a máa ju èyí tí ó fi kún un lọ. Kì í ṣe gbogbo dókítà ni ó fẹ́ràn kí a yọ ohun tí òun kọ, ó sì gba sùúrù àti ọ̀rọ̀ tútù.

Nínú gbogbo oògùn tí ń bẹ lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, èyí tí ó kọ́ ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ jù ni warfarin, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ sì ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, màlúù bẹ̀rẹ̀ sí kú ní àríwá Amẹ́ríkà àti ní Kánádà. Ẹran tí a kàn gé ìwo rẹ̀ a ṣẹ̀jẹ̀ títí yóò fi kú. Frank Schofield, dókítà ẹran ní Kánádà (ẹni tí ó ti ṣe míṣọ́nnárì ní Kòríà kí ó tó padà wálé), ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń kú ni àwọn tí ó jẹ koríko sweet clover tí òjò pa nínú àká, tí ó sì bu bí àkàrà àwọn ará Gíbéónì. Koríko kan náà tí kò bu kì í pa ẹran.

Ìdí rẹ̀ kò tíì hàn nígbà náà. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Ed Carlson, gbé òkú ẹgbọrọ abo màlúù kan sínú ọkọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú garawa ẹ̀jẹ̀ tí ó kọ̀ tí kò dì, àti koríko tí ó bu náà. Ó la ìjì yìnyín kọjá, ó rin máìlì tí ó sún mọ́ 200 dé ìlú Madison. Ó bá ilé dókítà ẹran ìjọba ní títì. Ilẹ̀kùn tí ó rí ní ṣíṣí ni ti ilé ìwádìí Karl Paul Link, olùkọ́ ní yunifásítì ibẹ̀. Ìmọ̀ràn tí Link ní fún un ní ọjọ́ náà kò ju pé kí ó má fi koríko náà bọ́ ẹran mọ́. Ṣùgbọ́n garawa ẹ̀jẹ̀ náà kò jẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sinmi, ní 1939 sì ni wọ́n yọ ohun tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró láti dì jáde kúrò nínú koríko. Wọ́n ṣe àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni a sọ ní warfarin, orúkọ tí a ké kúrú láti inú orúkọ àjọ tí ó náwó fún ìwádìí náà ní Wisconsin. Oògùn eku ni a kọ́kọ́ ń tà á fún, láti 1948. Ní 1951 ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ayé sú jẹ ẹ́ láti fi pa ara rẹ̀. Àwọn dókítà fún un ní fítámì K, ó sì yè. Láti ìgbà náà ni a ti rí i pé ohun tí ó lè pa ènìyàn yìí ní ohun tí ó lè dá a dúró. Ní 1954 a gbà á láyè fún ìtọ́jú ènìyàn, ní 1955 sì ni a fún Ààrẹ Eisenhower, tí òun náà jẹ́ ọ̀gágun, nígbà tí àrùn ọkàn kọ lù ú.

Kí ni a ń fi oògùn eku ṣe nínú ara ènìyàn? Ọkàn tí kò lù déédéé, bíi ti bàbá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, a máa gbọ̀n bí ewé ni, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dúró sójú kan nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dúró a dì. Bí èyí tí ó dì bá já, tí ó sì gun orí lọ, a dí iṣan ọpọlọ, a sì di rọpárọsẹ̀. Warfarin kò jẹ́ kí ó dì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń rìn tóóró. A ń fi òǹkà kan tí a ń pè ní INR wọn ẹ̀jẹ̀: ti ẹni tí kò lo oògùn jẹ́ bí 1, ti ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó gbọ́dọ̀ wà láàrin 2 àti 3. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 2, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bí ó bá gòkè jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa ti imú jáde, tàbí ti inú ìfun, tàbí kí ó tú sínú ọpọlọ, ìyẹn sì burú ju àrùn tí a ń sá fún lọ. Kò sí ìwọ̀n kan tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. Apoògùn ni ó ń dá ọjọ́ àyẹ̀wò, tí ó ń dín in, tí ó ń fi kún un, ní ìdajì hóró.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fítámì K tí ó gba ọmọ ogun nì là ni ó wà nínú ewé tútù, bíi tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ mìíràn. Ẹni tí ń lo warfarin tí ó jẹ ẹ̀fọ́ rírò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, tí kò sì fi ẹnu kàn án ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa lọ sókè sódò bí ẹni gun jangirọ́fà. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì sá fún ẹ̀fọ́ pátápátá. Àṣìṣe ni. Ohun tí apoògùn ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìwọ̀n tí ènìyàn ń jẹ má yí padà púpọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ìwọ̀n oògùn ni òun yóò fi bá oúnjẹ rẹ̀ mu. Ohun tí ó léwu ju ẹ̀fọ́ lọ ni àwọn oògùn tí a ń rà láìbéèrè. Aspirin àti ibuprofen a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ya sí i. Flagyl àti Septrin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá ń rà fún inú rírun gẹ́gẹ́ bí ẹni ra iyọ̀, a máa ti INR sókè kíákíá. Ẹni tí ń lo warfarin, yálà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Abẹ́òkúta, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fún un ní oògùn tàbí àgbo, kí ó tó gbà á. Àwọn oògùn titun ti wà báyìí tí kò nílò àyẹ̀wò lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ti yà sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ilẹ̀kùn irin sínú ọkàn rẹ̀ kò lè fi wọ́n rọ́pò warfarin.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ayé ni ó jẹ àwọn ilé ìwòsàn yìí ní gbèsè. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ dókítà kò gbà pé ó pọn dandan láti wò ó, bí aláìsàn kò bá ti ní ìnira. Dókítà Edward Freis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 143 ọkùnrin jọ ní àwọn ilé ìwòsàn jagunjagun, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidigidi. Wọ́n fún àwọn 73 ní oògùn, wọ́n sì fún àwọn 70 ní hóró tí kò ní nǹkan nínú, láìjẹ́ kí àwọn aláìsàn mọ èyí tí ó kan wọn. Nígbà tí a tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1967, ewu ńlá ti bá 27 nínú àwọn tí kò rí oògùn. Nínú àwọn tí ó rí i, ènìyàn 2 péré ni. Lónìí, apoògùn ni ó ń rí ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láàrin ìgbà tí wọ́n rí dókítà àti ìgbà tí wọn yóò tún rí i.

Ìrora àti ìpayà òru ni ó ṣòro jù. Ẹni tí egungun rẹ̀ ti fọ́ lójú ogun lè máa jẹ̀rora fún ogójì ọdún, oògùn tí ó sì ń pa irú ìrora bẹ́ẹ̀, ẹbí morphine, a máa so ènìyàn mọ́lẹ̀, bí ó bá sì pọ̀ jù a máa dá èémí dúró. Bí a bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn oorun, ewu náà di méjì. Ní 2013 àjọ náà gbé ètò kalẹ̀ láti dín lílò rẹ̀ kù, ní 2014 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pín naloxone, èyí tí a lè fín sí imú ẹni tí morphine fẹ́ pa, kí ó tún máa mí. Àwọn apoògùn ni ó ń kọ́ aya àti ọmọ bí a ti ń lò ó. Dídín oògùn ìrora kù kì í ṣe ohun tí a ń fi ipá ṣe: bí a bá já a gbà lójijì, aláìsàn lè wá a lọ sí ìta gbangba, tàbí kí ó rò pé ikú sàn. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń ṣe é, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ọkùnrin kan bá sì jẹ́wọ́ pé ọkàn òun ń lọ sí ọ̀nà àtipa ara òun, apoògùn kì í fún un ní oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni, kí ó lè padà wá, kí a lè tún rí ojú rẹ̀. Ní ti àlá ogun tí ń jí wọn lóru, prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá tí a tẹ̀ jáde ní 2018 kò fi hàn pé ó sàn ju hóró lásán lọ. A ń lò ó síbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe lóore.

Ìdáàbòbò kan wà tí nọ́ọ̀sì ni ó rò ó, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1992, Sue Kinnick, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn jagunjagun ní Topeka, ní Kansas, lọ dá ọkọ̀ tí ó háyà padà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó rí òṣìṣẹ́ tí ó na ohun kékeré kan sí àwọn ìlà dúdú tí a lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, tí ó sì mọ ọkọ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó rò ó pé bí a bá lè ṣe èyí fún ọkọ̀, a lè ṣe é fún ènìyàn. A lẹ ìlà mọ́ ọrùn ọwọ́ aláìsàn, a lẹ ìlà mọ́ oògùn. Bí méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, ẹ̀rọ a kìlọ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, ó ti ń tàn ká gbogbo ilé ìwòsàn wọn.

Láti 1995 ni a ti fún irú apoògùn yìí ní àṣẹ láti kọ oògùn, láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, àti láti pàṣẹ àyẹ̀wò, nínú ààlà tí a kọ sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dókítà ni ó ń sọ orúkọ àrùn. Àṣẹ yìí wúlò, nítorí pé àwọn aláìsàn pọ̀ ju dókítà lọ. Ní 2014 àṣírí tú ní Phoenix pé àwọn jagunjagun ti dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó rí dókítà, a sì ti fi ìwé èké bo ó mọ́lẹ̀. Mínísítà tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, Eric Shinseki, fi ipò sílẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìtọ́jú ológun. Ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì, ní Èkó, ní 1945 ni ó bẹ̀rẹ̀, láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Àwọn tí ó jà ní Bọ́mà rántí oògùn ibà kan, mepacrine, tí ó sọ awọ àti ẹyinjú di pupa rúsúrúsú bí epo. Ọ̀gágun William Slim ní kí a máa yẹ ara àwọn ọmọ ogun wò lójijì bí wọ́n bá ń lò ó ní tòótọ́. Ó sì yọ ọ̀gá ogun mẹ́ta kúrò nípò, tí àwọn ọmọ abẹ́ wọn kò gbé oògùn náà mì. Ó mọ̀ pé ibà ń mú ọmọ ogun ju ìbọn lọ.

Ní Amẹ́ríkà lónìí, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oògùn tí àwọn jagunjagun tí kò sùn sí wọ́ọ̀dù ń lò ni a ń fi ránṣẹ́ sí wọn nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, láti inú ilé ńlá tí ẹ̀rọ ti ń ka hóró sínú ìgò. Ẹni tí ó ń gbé inú oko tí ó jìnnà kò ní rin ìrìn ọjọ́ kan nítorí ìgò oògùn. Apoògùn a pè é lórí tẹlifóònù, tàbí kí ó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú ẹ̀rọ. A ní kí ó gbé ìgò kọ̀ọ̀kan sókè kí òun lè ka ohun tí a kọ sára rẹ̀, a bi í ní iye tí ó kù nínú rẹ̀, a sì bi í bóyá ó tún ra nǹkan mìíràn kún un láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.